Ilé Ẹṣin àti Ẹni Tí Ń Tọ́jú Ẹṣin

Àwọn àgbà a máa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. A ti ń pa òwe náà láti ìgbà èwe wa, ṣùgbọ́n a kò mọ bí ó ti jinlẹ̀ tó títí di ọjọ́ tí ọmọ ilé-ìwé kan bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò lè dáhùn.

Ní Fate, ní ìlú Ìlọrin, ni a wà ní ọjọ́ náà, tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilé kíkọ́ ní oríṣiríṣi ilẹ̀. A fi àwòrán ilé kan hàn wọ́n. Ilé bíríkì pupa ni, a fi òkúta gbígbẹ́ ṣe etí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀. Nínú rẹ̀, òpó gbígbẹ́ dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a sì ṣe ọnà sí àjà rẹ̀ bí ẹni pé yàrá ìgbàlejò ọba ni. A ní kí wọ́n sọ ẹni tí wọ́n rò pé ó ń gbé ibẹ̀. Ọ̀kan ní ọba ni. Èkejì ní bíṣọ́ọ̀bù ni. Ẹ̀kẹta ní ilé-ẹjọ́ ni, nítorí kò lè jẹ́ ilé ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí a sọ fún wọn pé ẹṣin ni a kọ́ ọ fún, ẹ̀rín sọ. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ dìde ní ẹ̀yìn kíláàsì, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, níbo ni ẹni tí ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà ń sùn?”

Aago lù, àwọn ọmọ sì jáde lọ ṣeré, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jáde. Ó bá wa délé. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò níhìn-ín níwájú àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti àwọn ọmọ ilé-ìwé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn kọ́ ilé dáradára fún ẹranko? Bí ó bá sì tọ́, kí ni a ó fi mọ̀ pé ọkàn rere ni ó kọ́ ọ, tí kì í ṣe ìgbéraga?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé náà dáadáa, nítorí kò yẹ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó wà ní Peover Hall, nítòsí ìlú Knutsford, ní ẹkùn Cheshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1654 ni a kọ́ ọ. Obìnrin ọlọ́lá kan, Ellen Mainwaring, ni ó fi í ṣe ẹ̀bùn fún Thomas ọmọ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni ó ti kọjá nígbà náà tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ orí Charles ọba wọn, lẹ́yìn ogun abẹ́lé tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti ṣe gudugudu méje. Ní irú ayé bẹ́ẹ̀, ẹṣin ni agbára, ẹṣin ni ọlá, ẹṣin ni ó sì ń gbé ìròyìn rìn. Ìyá tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di ẹni ńlá kò lè wá ẹ̀bùn tí ó dára ju ilé ẹṣin lọ.

Kí olùkàwé wa má ṣe rò pé ọ̀ṣọ́ nìkan ni ó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ ẹṣin ni í mọ ilé rẹ̀ kọ́. Ìtọ̀ ẹṣin, bí ó bá dúró sí ojú kan, a máa mú òórùn líle jáde tí í pa ojú àti ẹ̀dọ̀fóró ẹran náà lára. Nítorí náà ni a ṣe ń dẹ ilẹ̀ ilé ẹṣin díẹ̀, tí a sì ń la ojú àgbàrá sí i, kí omi lè ṣàn jáde. A máa ń gbé fèrèsé sókè, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná lè ráyè lọ, kí ìmọ́lẹ̀ má sì gún ẹṣin lójú. A máa ń fi pákó pààlà láàárín ẹṣin kan àti èkejì, kí èyí tí inú ń bí má bàa ta ẹnìkejì rẹ̀ nípàá. Òkè àjà ni koríko gbígbẹ ń gbé, láti ibẹ̀ ni a sì ti ń jù ú sílẹ̀ sí ibi tí ẹṣin yóò ti jẹ ẹ́. Bíríkì tí ó nípọn kì í jẹ́ kí òtútù ilẹ̀ wọn wọlé kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni iná kò lè tètè jó o bí ó ti ń jó igi.

Kí sì ni bíríkì? Amọ̀ ni. Amọ̀ tí a gbẹ́, tí a pò, tí a fi àpótí gé, tí a sá gbẹ, tí a sì sun nínú iná títí ó fi le bí òkúta. Bí a bá fẹ́ mọ agbára iná lórí amọ̀, kò yẹ kí a lọ sí Cheshire. Kí a lọ sí agbo ilé Dáda ní Òkèlele, ní Ìlọrin yìí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń sun ún. Amọ̀ kan náà ni. Ọ̀kan di ìkòkò, èkejì di ilé ẹṣin.

Nísinsìnyí a lè dá ìbéèrè wa sí ọ̀nà méjì. Nínú gbogbo ilé, apá kan wà tí ojú àlejò ń rí, apá kan sì wà tí ara ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ ń mọ̀. Ẹṣin kò mọ òpó gbígbẹ́. Kò gbé ojú sókè rí kí ó yìn ọnà tí ó wà ní àjà. Ṣùgbọ́n ẹṣin mọ ilẹ̀ gbígbẹ, ó mọ afẹ́fẹ́ tútù, ó mọ ibi tí eṣinṣin kò ti yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹnìkan bá ná owó rẹ̀ sórí òpó tí ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ tutù lábẹ́ pátákò ẹran náà, ara rẹ̀ ni ó kọ́ ilé fún, kì í ṣe ẹṣin. Bí ó bá sì ṣe méjèèjì, a lè dárí ọ̀ṣọ́ rẹ̀ jì í, nítorí kò fi ojú àlejò rọ́pò ara ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Òṣùwọ̀n kìn-ín-ní nìyí: kí a má ṣe fi ohun tí ojú ń rí wọn ilé, ohun tí ara ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ń mọ̀ ni kí a fi wọ̀n ọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé, “Èéṣe tí a kò fi owó náà fún àwọn tálákà?” Ọ̀rọ̀ ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àwa ti kíyèsí i pé ẹni tí í febi pa ẹran rẹ̀ kì í sábà fi oúnjẹ náà bọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọwọ́ tí ó le mọ́ ẹranko a máa le mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ìtọ́jú kì í ṣe omi inú ìkòkò kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá bù ú fún ẹṣin kò ní kù fún ènìyàn. Bí odò ni ó rí, bí ó ti ń ṣàn sí i ni ojú rẹ̀ ń là sí i. A kò tako ilé rere fún ẹṣin, nígbà náà. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni ìbéèrè ọmọbìnrin nì.

Kò sì sí ìlú tí ìbéèrè náà kàn ju Ìlọrin lọ. Àwọn tí ń kì ìlú yìí a máa fi ẹṣin sí ipò tí àwọn ìlú Yorùbá mìíràn fi eégún sí. Títí di òní, bí ó bá di àkókò Iléyá, àwọn ẹlẹ́ṣin a máa tò níwájú Ẹ́míà, pẹ̀lú gàárì àti ìjánu tí ń kọ mànà. Ìdí tí ẹṣin fi rọ̀ mọ́ ìlú yìí kò ṣòro láti mọ̀. Ní igbó ìsàlẹ̀, eṣinṣin tsétsé tí í fa àìsàn oorun fún ènìyàn a máa pa ẹṣin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹṣin lè pẹ́ láyé, ó sì lè sáré. Láti Òkè Ọya ni a ti ń rà wọ́n wá, owó wọn sì ga. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ yìí pẹ̀lú bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́: lọ́pọ̀ ìgbà, ènìyàn ni a fi ń ra ẹṣin. Àwọn tí a kó ní ogun ni a ń fi ṣe pàṣípààrọ̀, ẹṣin tí a fi wọ́n rà ni a sì tún ń gùn lọ kó àwọn mìíràn. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yin ilé ẹṣin àtijọ́, yálà ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí tiwa, kí a rántí pé ibùjẹ lè kún fún koríko tútù nígbà tí ẹkún wà ní ilé ẹlòmíràn.

Ilé ẹṣin ti àwọn baba ńlá wa kò ní bíríkì. Wọ́n a gbẹ́ ilẹ̀ pupa, wọ́n a bu omi sí i, wọ́n a fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n a sì mọ ọ́n ní ìpele ìpele. Ìpele kan a gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Koríko ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa tutù ní ọ̀sán, a sì máa mú ooru díẹ̀ dání di òru. Ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni òjò. Bí ọdún kan bá kọjá tí a kò rẹ́ ògiri, tí a kò pààrọ̀ koríko, ilé náà a bẹ̀rẹ̀ sí padà sí inú ilẹ̀ tí a ti gbẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí ilé Ellen Mainwaring fi dúró, tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń dáàbò bò ó pẹ̀lú àwọn ilé tí ó ṣe iyebíye jù lọ, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹṣin tiwa ti yọ́ lọ. Bíríkì lè dúró láìsí olùtọ́jú fún ìgbà pípẹ́. Ilé amọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e ró lọ́dọọdún, ọjọ́ tí ọwọ́ náà bá sì kúrò ni ilé náà wó.

Ta ni ó ni ọwọ́ náà? Níhìn-ín ni ìtàn Ìlọrin ti fún wa ní ẹ̀kọ́ tí a kò rí nínú àwòrán. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn ìjòyè a máa fi ẹrú ará Òkè Ọya tọ́jú ẹṣin wọn, nítorí àwọn wọ̀nyí mọ ẹṣin láti ilẹ̀ bàbá wọn. Ẹrú náà ni ó ń gé koríko, òun ni ó ń gbá ìgbẹ́, òun ni ó ń wẹ ẹṣin, òun ni ó mọ èyí tí ara rẹ̀ kò dá. Olówó rẹ̀ mọ orúkọ ẹṣin. Bóyá ni ó mọ orúkọ tí ìyá ẹrú náà sọ ọ́. Nígbà tí Àfọ̀njá, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò, dìde sí Aláàfin, tí ó sì ké sí àwọn ẹrú Mùsùlùmí ní ọdún 1817 pé kí wọ́n wá gba òmìnira ní Ìlọrin, wọ́n sá tọ̀ ọ́ wá lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n di ọmọ-ogun rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1824 wọ́n pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, Abdulsalami ọmọ Álímì sì di Ẹ́míà àkọ́kọ́. Kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Ohun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ pọ̀, a kò sì ní fi gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀yìn ẹnìkan. Síbẹ̀ kò yẹ kí a gbàgbé pé nínú àwọn tí ó kúrò lẹ́yìn Ọ̀yọ́ ni àwọn tí ń di gàárì mọ́ ẹṣin rẹ̀ wà. Ẹni tí ó ń tọ́jú ẹṣin tí kò tọ́jú olùtọ́jú ẹṣin, ó ń fi ọwọ́ kan kọ́ ilé, ó ń fi èkejì wó o.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a gàn olùtọ́jú ẹṣin. Ní Ọ̀yọ́, oyè ńlá ni Olókùn-ẹṣin. Aṣọ rere ń bẹ lára rẹ̀, àyè ń bẹ fún un lọ́dọ̀ Aláàfin. Ṣùgbọ́n ọlá náà ní ìdè nínú: bí Aláàfin bá wàjà, Olókùn-ẹṣin ní láti bá a lọ. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Olókùn-ẹṣin dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, kí ó má bàa kú. Ọmọ rẹ̀ sì gba ipò bàbá rẹ̀, ó kú. A kò kọ èyí láti fi àwọn baba wa ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tí ó kú nítorí ohun tí ó kà sí ojúṣe kì í ṣe ẹni ẹ̀sín. A kọ ọ́ láti fi hàn pé ọlá tí a fún ènìyàn nítorí ẹṣin olúwa rẹ̀ kò tíì tó. Òṣùwọ̀n kejì nìyí: kí a tọ́jú olùtọ́jú nítorí ènìyàn ni òun, kì í ṣe nítorí ohun tí ó ń tọ́jú.

Ayé ẹṣin ogun ti kọjá. Ní oṣù Kejì ọdún 1897, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin jáde lọ pàdé ọmọ-ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company. Akọni ni wọ́n, ṣùgbọ́n àyà ẹṣin kò lè gba ọta ìbọn Maxim dúró. Ní Peover Hall pàápàá, ẹni tí ó fi ibẹ̀ ṣe ibùdó ní ọdún 1944 ni George Patton, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, tí ó ti jẹ́ ọmọ-ogun ẹlẹ́ṣin ní ìgbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ogun onírin ni ó ń darí ní àkókò náà. Ẹnìkan lè rò pé ọ̀rọ̀ ilé ẹṣin ti parí sí ibẹ̀, pé ìtàn lásán ni a ń pa. Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀, títí a fi padà sílé ní ọjọ́ ìbéèrè náà.

Ilé pọ̀ ní Fate nísinsìnyí, ilé búlọ́ọ̀kù olódi gíga, pẹ̀lú géètì onírin. Nínú odi tiwa, a kọ́ ibi tí a ń gbé ọkọ̀ sí. A fi táìlì sí ilẹ̀ rẹ̀, a dẹ ilẹ̀ náà díẹ̀ kí omi lè ṣàn jáde, a sì fi òrùlé bò ó kí oòrùn má bàa pa ọ̀dà ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ géètì ni yàrá bàbá tí ń ṣọ́ ilé wà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti ń gba iwájú yàrá náà kọjá, tí a sì ń kí i pé, “Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá,” tí ó sì ń dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ náà ni a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí a bá lè wọlé. Ẹnu yà á. A wọlé, a sì fi ẹsẹ̀ wọn yàrá náà: ẹsẹ̀ mẹ́jọ ní gígùn, ẹsẹ̀ mẹ́fà ní ìbú. Ibi ọkọ̀ fi ìlọ́po mẹ́rin jù ú lọ. Kò ní fèrèsé. Ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti ìta lọ, àmì omi òjò sì wà lára ògiri títí dé orókún. A bi í pé níbo ni ó ń sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ìta ni, lórí ẹní, nítorí ooru. Nígbà òjò ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mo máa ń jókòó.”

Ẹ̀yin olùkàwé wa, àwa ni a ti ń rẹ́rìn-ín ní kíláàsì pé àwọn kan kọ́ ààfin fún ẹṣin. Irin tí kò lè ṣàìsàn, tí kì í sùn, tí òjò kò lè fún ní ikọ́, ni àwa kọ́ ilé fún. A sì fi ènìyàn sí ibi tí ẹlẹ́ṣin tí ó gbọ́n kò ní so ẹṣin rẹ̀ mọ́. Ó kéré tán, ẹṣin Peover ní ẹ̀mí. Kò sì sí ẹni tí ó pàṣẹ ìwà ìkà kan fún wa. A kò kórìíra bàbá náà. A kàn ń fi ojú àlejò wo ilé wa ni, ojú àlejò kì í sì í wọ yàrá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

A pe bíríkìlà ní ọ̀sẹ̀ náà. Ó la fèrèsé méjì tí ó kọjú síra wọn, ó sì gbé ilẹ̀ sókè kọjá ibi tí àgbàrá ń dé. Owó rẹ̀ kò tó ti táìlì tí a fi sí abẹ́ ọkọ̀. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè yìn wá, nítorí gbèsè tí ó ti pẹ́ ni, ẹni tí ó san gbèsè kò tíì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Nígbà tí iṣẹ́ parí, Bàbá dúpẹ́, ó sì tọrọ ohun kan ṣoṣo: kí a má ṣe kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù tí a yọ lára ògiri dànù, òun fẹ́ fi gbé ìkòkò omi òun ró. Ó tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé tuntun náà, ó sì gbé ìkòkò lé e níbi tí afẹ́fẹ́ yóò ti máa fẹ́ sí i.

A wá mọ̀ nísinsìnyí ohun tí a ó sọ fún ọmọbìnrin náà. Ó tọ́ kí a kọ́ ilé rere fún ẹranko, nítorí ẹni tí ó ṣe rere fún ohun tí kò lè dúpẹ́ ti fi ọkàn rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ilé náà kò tíì parí títí a ó fi mọ ibi tí olùtọ́jú rẹ̀ ń sùn. Sólómọ́nì ní ibùjẹ 4,000 fún ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì kérora lábẹ́ àjàgà rẹ̀ títí ìjọba náà fi pín sí méjì lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ibùjẹ ẹran kan ṣoṣo sì wà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí ayé kò gbàgbé, nítorí ọmọ ènìyàn tí kò rí àyè ní ilé èrò ni a tẹ́ sínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń fi ilé ńlá han àwọn ọmọ, ẹ má ṣe parí ẹ̀kọ́ náà sí ẹnu ọ̀nà iwájú. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ní ọjọ́ kan ẹ̀yin náà yóò kọ́ ilé. Kí ẹ tó yan ọ̀dà rẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan nínú yàrá tí ó kéré jù nínú rẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ lè mí.